Kì Í Bojú Wẹ̀yìn: Ìrìn Odò Yìnyín Aletsch

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí yìnyín orí òkè níwájú àwọn tí púpọ̀ nínú wọn kò tíì fojú rí i rí. Kò burú. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò gba kéèyàn ti débẹ̀. Ó gba kéèyàn ti dúró létí odò tó ń ṣàn.

Ẹ ti gbọ́ ọ nínú ìròyìn pé àwọn odò yìnyín ayé, ìyẹn yìnyín ńláńlá tó ń ṣàn láti orí òkè, ń fà sẹ́yìn. Wọ́n á gbé àwòrán méjì síwájú wa: ti àtijọ́ rèé, yìnyín kún àfonífojì bámúbámú, ti òde òní rèé, àpáta àti òkúta wẹ́wẹ́ ló kù. Ẹni tó bá wò ó lè rò pé yìnyín náà gbéra nílẹ̀, ó gun òkè padà lọ síbi tó ti wá. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó ń gùn sí i, ìsàlẹ̀ ló ń lọ. Lọ́dún tó ń kúrú, ìsàlẹ̀ náà ló ṣì ń lọ. Àwọn àgbà wa ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn, odò yìnyín kò sì yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ wa lónìí ni láti mọ bí ohun tó ń lọ síwájú lójoojúmọ́ ṣe lè máa kúrú lọ́dọọdún.

N ò ní kó gbogbo ayé jọ. Ẹyọ kan ni mo mú: Aletsch Ńlá, ní ẹkùn Valais lórílẹ̀-èdè Swítsàlandì. Òun ló tóbi jù lọ lórí àwọn òkè Alps. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 20 kìlómítà, ilẹ̀ tó bò sì tó nǹkan bí 80 kìlómítà níbùú lóròó. Orí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àwọn òkè gàgàrà bíi Jungfrau, tó ga tó mítà 4,158, àti Aletschhorn tó tún ga jù ú lọ díẹ̀. Ìrù rẹ̀ dé nǹkan bí mítà 1,600 sókè òkun, níbi tí igi ti ń hù, tí màlúù ti ń jẹko lẹ́bàá rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn. Òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, Chappal Waddi ní Ìpínlẹ̀ Tàràbà, ga tó mítà 2,419. Ìrù Aletsch rẹlẹ̀ jù ú lọ dáadáa. Òótọ́ ni pé òtútù ìlú wọn kọjá tiwa, ṣùgbọ́n àní níbẹ̀ náà, òjò dídì tó bá bọ́ sí mítà 1,600 nígbà òtútù kì í rí ẹ̀ẹ̀rùn kọjá. Yọ́ ló ń yọ́. Yìnyín tí à ń bá níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ ibẹ̀; òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n bí i sí, ẹsẹ̀ ló fi rìn dé.

Bí wọ́n ṣe ń bí i nìyí. Lókè, omi kì í sábà rọ̀, òjò dídì ló ń bọ́. Òjò dídì tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì afẹ́fẹ́. Bí a bá fi kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga, ó lè má wúwo ju 50 sí 100 kìlógíráàmù lọ. Bí a bá fi yìnyín inú Aletsch kún àpótí kan náà, á tó nǹkan bí 900. Láàárín nọ́ńbà méjèèjì yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Èyí tí ẹ̀ẹ̀rùn kò bá rí yọ́ tán, òjò dídì ọdún tó tẹ̀ lé e á bò ó mọ́lẹ̀, ti ọdún kẹta á tún bo ìyẹn. Ìwúwo tòkè ń tẹ tìsàlẹ̀. Omi tó yọ́ lọ́sàn-án ń jò wọ inú rẹ̀, ó ń dì padà lóru. Afẹ́fẹ́ ń há mọ́ inú hóró kéékèèké tí kò ní ojú ọ̀nà mọ́. Lórí òkè Alps, èyí lè gba ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó jáde níkẹyìn kì í funfun mọ́. Yìnyín tó bá nípọn a máa gbé apá pupa inú ìmọ́lẹ̀ mì, àwọ̀ aró nìkan ni yóò jẹ́ kó kọjá, ìdí sì nìyẹn tí inú pàlàpálá yìnyín fi ń dán bí ẹni rẹ ẹ́.

Ibi mẹ́ta pàtàkì ni yìnyín Aletsch ti ń wá, wọ́n sì ń pàdé ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan tí à ń pè ní Konkordiaplatz. Yìnyín ibẹ̀ nípọn tó mítà 800 ó kéré tán. Láti ibẹ̀ ni odò kan ṣoṣo ti jáde, tó yí bìrí gba àárín òkè lọ síhà gúúsù. Ẹni tó bá dúró sókè wò ó á rí ilà dúdú méjì tó tẹ̀ lé ara wọn lórí rẹ̀ láti Konkordiaplatz títí dé ìsàlẹ̀. Òkúta ni. Kálukú àwọn odò mẹ́ta yìí ló ti ru òkúta tó já láti ara òkè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé, òkúta ẹ̀gbẹ́ di òkúta àárín. Wọ́n pàdé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò pò mọ́ra. Yìnyín tó ti ìhà ìlà oòrùn wá ń bá ìhà ìlà oòrùn lọ ni.

Nísinsìnyí, báwo ni ohun tó le tó òkúta ṣe ń ṣàn? Ọ̀nà méjì ló ń gbà. Èkíní, nígbà tí yìnyín bá nípọn tó, ìwúwo ara rẹ̀ á mú kí àwọn ìpele tín-ínrín tó wà nínú kírísítà rẹ̀ máa yọ̀ lórí ara wọn. Kò fọ́, kò yọ́. Ìrísí rẹ̀ ló ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Èkejì, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ń yọ̀ lórí àpáta tó tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Omi tó yọ́ lójú oòrùn ń gba inú ihò wọlé lọ sí ìsàlẹ̀, ó ń gbé yìnyín sókè díẹ̀ kúrò lára àpáta, ni ilẹ̀ bá di yíyọ̀. Ìdí nìyí tí ìrìn rẹ̀ fi máa ń yá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ju ìgbà òtútù lọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lókè kò ní ìwúwo kankan lórí tí yóò mú un tẹ̀. Líle ló le. Bí ìsàlẹ̀ bá ń fà á, yíyà ló ń ya. Ibẹ̀ ni àwọn pàlàpálá tó ń gbé àwọn agunkè mì ti ń wá. Wọn kì í sábà jìn ju mítà 30 sí 50 lọ, torí pé nísàlẹ̀ ìyẹn, yìnyín rọ̀ débi pé á tún ojú ara rẹ̀ dé.

Ní Konkordiaplatz, Aletsch ń rìn tó mítà 180 sí 200 lọ́dún, bí ààbọ̀ mítà lóòjọ́. Kò sí ojú tó lè rí ìyẹn bó ṣe ń lọ. Àwọn ará àtijọ́ dá ọgbọ́n sí i. Ní 1827, ọ̀gbẹ́ni Franz Josef Hugi kọ́ ahéré kékeré kan sórí odò yìnyín Unteraar, ní ìhà kejì àwọn òkè kan náà yìí. Nígbà tó fi máa di 1841, tí ọ̀mọ̀wé Louis Agassiz ń ṣèwádìí níbẹ̀, ahéré ọ̀hún ti kúrò níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí, ó ti fi ẹgbẹ̀rún mítà kan àti ọgọ́rùn-ún mítà bíi mẹ́rin sún sísàlẹ̀. Ní 1874 wọ́n tún to òkúta tí wọ́n kùn lọ́dà sórí odò yìnyín Rhône, ní ilà gbọọrọ láti etí kan dé èkejì. Ilà náà kò pẹ́ tó fi tẹ̀: ti àárín ṣáájú, ti ẹ̀gbẹ́ tó ń ha ara àpáta sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Bí omi ṣe ń ṣe náà nìyẹn.

Ẹ̀rí tó ga ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ kò wá láti ọwọ́ onímọ̀ kankan. Ní oṣù Kẹta 1926, àwọn arákùnrin mẹ́ta, ọmọ ìyá kan náà láti àfonífojì Lötschen, jáde lọ sórí Aletsch, wọn kò sì padà wálé. Wọ́n wá wọn títí. Ní 2012, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, àwọn tó ń kọjá lórí yìnyín rí egungun àti ẹrù wọn nílẹ̀ gbalasa. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Swítsàlandì fi kọ̀ǹpútà tọ ipasẹ̀ ìrìn yìnyín padà láti mọ ibi tí ikú ti bá wọn: òkú wọn ti rin nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá nínú yìnyín kó tó fara hàn.

Ohun tó yẹ ká kíyè sí ni ipa ọ̀nà tí wọ́n gbà. Òkè ni wọ́n ti ṣubú, níbi tí òjò dídì ti ń bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ ń rì. Bí wọ́n ṣe ń bá yìnyín sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dé ìhà tí yíyọ́ ti pọ̀ ju bíbọ́ lọ. Láti ibẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé wọn sókè. Ìbòrí tó wà lórí wọn ló ń tán, títí oòrùn fi kàn wọ́n. Gbogbo ohun tó bá bọ́ sórí odò yìnyín lókè lọ́hùn-ún ló ń gba ọ̀nà yìí, ìbáà ṣe òkúta, ìbáà ṣe èérún ewé. Ìdílé wọn rí egungun gbé sin níkẹyìn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ìsìnkú jẹ́ nílẹ̀ wa á mọ bí ìyẹn ti tó.

A ti wá dé ojú ọ̀rọ̀. Ẹ wo ìyá ọlọ́jà tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì: ti òkè ń mówó wọlé, ti ìsàlẹ̀ ń ná an. Odò yìnyín ni ọmọdé tó ń gbé owó láti ti òkè wá sí ti ìsàlẹ̀, lójoojúmọ́, láìsinmi. Ààlà ṣọ́ọ̀bù méjèèjì wà ní nǹkan bí mítà 3,000 lórí òkè Alps, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sún sókè bí ayé ṣe ń gbóná. Ibi tí gbogbo owó tí ọmọ náà gbé wá bá ti tán, ibẹ̀ ni ìrù odò yìnyín wà. Bí owó tó ń wọlé bá tó èyí tó ń jáde, ìrù á dúró lójú kan, bẹ́ẹ̀ yìnyín kò dẹ́kun ìrìn. Bí owó bá ń jáde ju bó ṣe ń wọlé lọ, yìnyín á máa yọ́ tán kó tó dé ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀, ìrù á sì bá ara rẹ̀ lókè díẹ̀. Ìrù ló sún. Yìnyín kò sún padà rárá.

Láti nǹkan bí 1870, ìrù Aletsch ti fi kìlómítà tó lé ní mẹ́ta kúrú. Bó ṣe ń kúrú ló ń rù. Ní 1877 wọ́n kọ́ ilé àwọn agunkè sára àpáta létí Konkordiaplatz, kò sì ga púpọ̀ ju ojú yìnyín lọ nígbà náà. Lónìí, ẹni tó bá ti orí yìnyín bọ̀ gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn irin tó lé ní 400 kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ilé kò kúrò níbi tó wà. Síbẹ̀, Aletsch tóbi débi pé kì í tètè dáhùn sí ojú ọjọ́; ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìrù rẹ̀ lónìí jẹ́ èrè ooru ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Kódà bí ooru ayé bá dúró síbi tó dé yìí, á ṣì máa kúrú fún ìgbà pípẹ́.

Àwọn ará Fiesch àti Fieschertal, tó wà nítòsí ibẹ̀, ní ìtàn kan tí ń kò lè fò dá. Nígbà tí ayé tutù ju báyìí lọ, gígùn ni yìnyín ń gùn, tó ń halẹ̀ mọ́ oko. Adágún omi Märjelen, tí ara yìnyín ṣe ìdènà fún, a sì máa já lójijì, omi á ya lu àfonífojì. Ní 1678 wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé àwọn yóò máa gbé ìgbé ayé ìwà mímọ́, àwọn yóò sì máa gbàdúrà kí yìnyín yé dàgbà. Nígbà tó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n fi ìwọ́de àdúrà ọdọọdún kún un. Àdúrà náà gbà kọjá bí wọ́n ṣe rò. Ní 2009 wọ́n ránṣẹ́ sí Róòmù kí Póòpù gbà wọ́n láyè láti yí ẹ̀jẹ́ baba wọn padà, Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún sì fọwọ́ sí i ní 2010. Kí yìnyín má parẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀ báyìí. Kò wọ́pọ̀ kéèyàn padà lọ bẹ Ọlọ́run pé kó dá ohun tó ti bá òun mú kúrò padà.

Yàtọ̀ sí ooru, eruku pẹ̀lú ń dá kún yíyọ́ yìnyín, ibẹ̀ ló sì ti kan ìhà tiwa. Aṣálẹ̀ Sàhárà tó ń kó eruku ọyẹ́ bò wá láti oṣù Kọkànlá ni afẹ́fẹ́ mìíràn ń gbá eruku rẹ̀ kọjá òkun lọ sórí Alps. Ní oṣù Kẹta 2022, ó sọ ojú ọ̀run àti òjò dídì ibẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Òjò dídì funfun ń da ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Èyí tó bá ti dọ̀tí ń gba ooru sára. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà dé, tó tún gbóná girigiri lẹ́yìn ìgbà òtútù tí òjò dídì rẹ̀ kò pọ̀, àwọn odò yìnyín Swítsàlandì pàdánù nǹkan bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún yìnyín wọn. Ní 2023, wọ́n tún pàdánù nǹkan bí ìdá 4. Ìdá mẹ́wàá láàárín ọdún méjì péré. Níbi orísun odò Rhône, aṣọ funfun ni wọ́n ń tẹ́ bo apá kan yìnyín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ihò tí àwọn arìnrìn-àjò ń sanwó wọ̀. Aṣọ náà ń ṣiṣẹ́ níbi tó bò. Owó ta ni yóò ra èyí tó bo òkè tán?

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé ilẹ̀ adúláwọ̀ kò ní tirẹ̀ ni. Ó ní, ní ibi mẹ́ta: Kilimanjaro ní Tàǹsáníà, òkè Kẹ́ńyà, àti Rwenzori láàárín Ùgáńdà àti Kóńgò. Nígbà tí ajíhìnrere Johannes Rebmann ròyìn pé òun rí òjò dídì lórí Kilimanjaro ní 1848, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kò débẹ̀ rí sọ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Yìnyín orí àwọn òkè wọ̀nyí kéré sí ti Aletsch lọ́nà tó ga, wọ́n sì ń tán kíákíá.

Ká má sì rò pé odò yìnyín tó bá ń gùn sí i ni ara rẹ̀ dá. Lókè abúlé Blatten, ní àfonífojì Lötschen tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, odò yìnyín Birch ń gùn sí i nígbà tí àwọn yòókù ń kúrú. Àpáta tó ń já láti orí òkè Kleines Nesthorn ló ń bọ́ lé e lórí. Ìwúwo náà ń tì í lọ síwájú. Ní oṣù Karùn-ún 2025, àpáta já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ rí i pé ìrìn rẹ̀ ti di eré, wọ́n sì kó nǹkan bí 300 ènìyàn jáde nínú abúlé náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, gbogbo rẹ̀ wó wálẹ̀, ó sì bo èyí tó pọ̀ jù nínú ilé Blatten mọ́lẹ̀.

Ó ku àpá tí yìnyín ń dá sílẹ̀. Òkúta tó há sábẹ́ yìnyín ló ń fi họ ilẹ̀, á sì lọ àpáta di ìyẹ̀fun tó ń sọ omi odò Massa, tó ń jáde lẹ́nu Aletsch, di funfun bí ògì. Àfonífojì tí omi gbẹ́ máa ń há nísàlẹ̀. Èyí tí yìnyín gbẹ́ a máa fẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á dúró ṣánṣán. Ibi tí ìrù bá ti pẹ́ sí, òkìtì òkúta á kù síbẹ̀. Òkúta ńláńlá tí kò bá ti àyíká mu á sì wà káàkiri, bí àlejò tí kò mọ ilé tó wọ̀.

Àwọn òkúta àlejò yìí ló jẹ́ kí ọdẹ kan, Jean-Pierre Perraudin, ará Val de Bagnes, mọ̀ pé yìnyín ti bo gbogbo àfonífojì òun rí. Ó sọ ọ́ fún ọ̀mọ̀wé Jean de Charpentier ní 1815, ìyẹn kò sì gbà á gbọ́. Ẹ̀yìn ọdún púpọ̀, lẹ́yìn tí ẹnjiníà Ignaz Venetz ti gba ọ̀rọ̀ ọdẹ náà, ni Charpentier tó yí padà, tó sì yí Agassiz lọ́kàn padà. Agassiz ló wá kéde rẹ̀ ní Neuchâtel ní 1837, orúkọ rẹ̀ ni ayé sì mọ̀ mọ́ ọn. Ọdẹ kò kọ ìwé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí lókè òkun, ẹ sọ fún wọn pé wọn kò nílò owó ọkọ̀ dé Swítsàlandì kí wọ́n tó rí irú àpá yìí. Ẹni tó wà ní New York lè lọ sí Central Park, kó wo àpáta tí wọ́n ń pè ní Umpire Rock. Ilà tó gùn gbọọrọ lára rẹ̀, yìnyín ńlá tó ti ìhà Kánádà wá ló họ ọ́. Ìyẹn kì í ṣe yìnyín orí òkè o, ilẹ̀ gbogbo ló bò. Fún ti orí òkè gan-an, ẹni tó wà ní Liverpool tàbí Manchester lè wọkọ̀ lọ sí Cwm Idwal ní àríwá Wales, kó padà wálé lọ́jọ́ kan náà. Charles Darwin débẹ̀ ní 1831 pẹ̀lú olùkọ́ rẹ̀, Adam Sedgwick. Wọ́n ń wá àpá ẹ̀dá inú òkúta, wọn kò sì rí nǹkan kan tó jọ iṣẹ́ yìnyín. Ó padà lọ ní 1842, lẹ́yìn tó ti ka ohun tí Agassiz kọ, ó sì rí i níbi gbogbo: òkìtì ìrù, àpáta tí yìnyín họ, àfonífojì tó fẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tó bá débẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè pé apá ibo ni ìrù yìnyín ti wà rí.